Ọ̀fun Páìpù Kò Dọ́gba

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó láti ka ìwé yìí, mo kí yín. Mo kí ìyá tó ń kàwé nígbà tí ìkòkò ẹ̀wà ń hó lórí iná, mo sì kí bàbá tó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan kó má baà sọ ọ́ nù. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó dá omi kó tó dá ẹni tí yóò mu ún, tí kò sì fi ìwọ̀n sí ẹnu ìsun. Ènìyàn ló fi ìwọ̀n sí i. Ìbínú ló gbé kálámù lé mi lọ́wọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú kan ni, nílé Obdulia, lókè téńté.

Ọjọ́rú nìkan ni omi ń dé òkè wa, láti aago mẹ́rin ìdájí títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Láti ìsun tó wà lára òkè kejì ló ti ń bọ̀. Yóò sọ̀kalẹ̀ wọ àfonífojì, yóò gba ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ìsàlẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò tó máa gun òkè bọ̀, tó ń mí hẹlẹ bí arúgbó. Ilé Obdulia ló gbẹ̀yìn.

Aago méje ti lù, ẹ̀rọ omi Obdulia sì ń húkọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń tú jáde, pọ̀ pọ̀ pọ̀, tí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo á wá tẹ̀lé e. Pila rẹ̀, ìyẹn ọpọ́n sìmẹ́ǹtì ńlá tó wà ní àgbàlá, tí ilé ń fọ aṣọ àti àwo nínú rẹ̀, ti gbẹ débi pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń là bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà. Obdulia dúró tì í. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà bí ẹni ń yẹ iwájú orí ọmọ wò bóyá ibà wà níbẹ̀.

Nínú yàrá, ìyá ọkọ rẹ̀, Fidelina, tún ti yàgbẹ́ sára. Láti ọjọ́ Ajé ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń ṣe màmá náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré ìsàlẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní kí wọ́n máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́ mọ́ nígbàkúùgbà tó bá ti yà. “Bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ,” ni ó wí, “ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi o. Ọ̀dọ̀ àlùfáà ni kẹ́ ẹ gbé e gbà.” Omi tó kù nínú ilé kò ju ìdajì garawa lọ. Aṣọ ibùsùn mẹ́rin ti wà lórí ara wọn ní igun àgbàlá, eṣinṣin ti ń bá wọn gbé.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Obdulia àti ọkọ rẹ̀ bí, Yanira, ní ilé sí ìsàlẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n ilé náà wà ní títì. Ilé iṣẹ́ aránṣọ tó ń bá ṣiṣẹ́ nígboro ní iṣẹ́ kánjúkánjú lọ́sẹ̀ náà, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń sùn láti ọjọ́ Àìkú. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì rẹ̀. Wọn kò sọ fún un lórí fóònù pé ara ìyá àgbà kò yá, kí ọkàn rẹ̀ má baà dà rú kó lọ fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Evelio, ọkọ Obdulia, jókòó lórí àpótí, ó ń fi iyọ̀ jẹ tọ̀tíyà àná, ìyẹn àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ. Kò sí ẹ̀wà. Ta ló ń fi afẹ́fẹ́ se ẹ̀wà?

“Bàbá Yanira, ẹ kò bínú,” ni Obdulia wí.

“Kí ni kí n bínú sí? Omi tí ẹni yóò mu kì í ṣàn kọjá ẹni.”

“Ó ti ń ṣàn kọjá mi láti oṣù Kejìlá. Èèyàn ló ń dá a dúró lọ́nà. Ìyá yín ló wà nínú yàrá yẹn, kì í ṣe ìyá tèmi.”

Evelio wo tọ̀tíyà ọwọ́ rẹ̀. Ó yí i po, ó tún tú u. 

Ìyẹn ni Obdulia fi gbé garawa òfìfo, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé Nicomedes, ilé kẹta sí tirẹ̀. Nicomedes yìí ni bàbá ìsàmì Yanira. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbé ọmọ náà sórí omi ìrìbọmi. Ó bá a lójúde, níbi tó jókòó sí ti àgbá rẹ̀ tó kún dé ìdajì.

“Bàbá ìsàmì, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé omi ń sọ̀ dáadáa?”

“Omi wo, Ìyá Yanira? Láti aago mẹ́rin ni mo ti jókòó ti àgbá yìí bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Bí òwú ló ń já bọ́.”

“Àgbá yín kún dé ìdajì. Tèmi kò ní tó ṣíbí kan. Ibo ni omi mi gbà?”

“Ṣé èmi ni mo gbé e mì ni?”

“Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ ọ̀fun páìpù wọn lábẹ́ ilẹ̀. Òfin ní ìdajì íǹṣì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìdí rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù ká gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé òun.”

Cándida, ìyàwó Nicomedes, yọ orí láti ilé ìdáná. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún jù bó ṣe yẹ lọ.

“Nicomedes, bá mi bi í, garawa omi tí mo bù fún un lánàá ńkọ́? Ìdí tí kò mọ́ náà ni ó ti jáde. Ṣé ó mu ún?”

“Cándida, dákẹ́.”

“N ò ní dákẹ́. Ẹni a bù fún ló ń pè wá lólè yìí. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi máa ń sọ pé ká bù fún èèyàn ká tún tọ́jú ìdérí.”

Nicomedes dìde. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. “Ẹ gbẹ́ ẹ, Ìyá Yanira. Dígà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ibí, ẹ jẹ́ kí n sọ kiní kan fún yín. Mo ní pẹ́pẹ́yẹ méje. Látìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, wọn kì í wẹ̀ nílé mi mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Ọjọ́rú, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Èmi kò tẹ̀lé wọn rí, torí ẹni tó bá ń wá ohun tí kò fẹ́ rí, yóò rí i. Ẹ̀yin, bó bá wù yín, ẹ tẹ̀lé wọn.”

Obdulia kò tẹ̀lé pẹ́pẹ́yẹ. Ó lọ pe Adalberto, púlọ́ńbà ìgbìmọ̀ omi. Kó tó fi máa padà dé, àwọn ará àdúgbò bí mẹ́jọ ti pé jọ, torí ohùn Cándida kì í ṣe ohùn tó ń dúró nínú ilé kan. Evelio náà ti sọ̀kalẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Adalberto gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, wọn kò sì ní ìbátan níbì kankan. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ àwọn pẹ́pẹ́yẹ gba ẹ̀yìn oko kọfí sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ gbẹ, ewé kọfí ń dún gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ibi kan ṣoṣo, koríko tutù yọ̀yọ̀, nínú oṣù Kẹta. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ méjèèje wà nínú omi tó mọ́ gaara, wọ́n ń gbọn ìdí. Omi náà ń jáde láti inú páìpù kékeré kan lábẹ́ ògiri ilé kan, irú èyí tí táńkì abẹ́ ilẹ̀ máa ń gbà tú omi tó bá ti kún jù.

Ilé Yanira ni.

 Obìnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́.

Obdulia ló kọ́kọ́ la ẹnu. “Ó gbàgbé láti ti ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Kò sí nílé látọjọ́ Àìkú. Ìdajì íǹṣì náà lè kún táńkì, bí a bá fi sílẹ̀ láìtì.”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀,” ni Adalberto wí. Wọ́n yí lọ sí iwájú ilé. Ó ṣí àpótí sìmẹ́ǹtì kékeré tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Páìpù inú rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì, bí òfin ṣe wí.

“Ẹ rí i?” Obdulia mí kanlẹ̀. “Gbogbo yín, ẹ wò ó dáadáa. Ìdajì íǹṣì. Ọmọ mi kì í ṣe olè.”

Adalberto ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi etí lélẹ̀. “Ìyá Yanira, ìdajì íǹṣì kò lè kún táńkì ńlá báyẹn kó tún dá odò sílẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ láàárín wákàtí mẹ́rin. Omi mìíràn ń lọ lábẹ́ ibí. Mo ń gbọ́ ọ.” Ó gbé orí sókè. “Bàbá Yanira, ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé yìí. Ibo ni páìpù gbà wọlé?”

Gbogbo ojú yí padà sí Evelio.  Àkùkọ kan kọ níbì kan. Evelio na ọwọ́, ó gba dígà lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání, kò sì lọ sídìí àpótí náà rárá. Ó ka ìṣísẹ̀ méjì sí apá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ó gbẹ́ bí ẹni tó mọ ibi tó sin nǹkan sí. Kò gbẹ́ jìn tí páìpù funfun kan fi yọ, ó sanra bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Íǹṣì kan. Tíì kan, ìyẹn oríta páìpù, wà lórí rẹ̀: ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí àpótí níbi tí ojú ń rí, àti èyí tó sanra, tó gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé tààrà.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

“O mọ̀,” ni Obdulia wí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní ‘o’ rí.

“Ọjọ́ tí a ń kọ́ ilé náà ni mo fi sí i,” ni Evelio dáhùn. Ó ń bá ihò ilẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ọkọ Yanira ti lọ sí Amẹ́ríkà, èmi nìkan ni ọkùnrin tó dúró tì í. Mo ní kí ọmọ má fi ọrùn ru omi bí ìyá rẹ̀ ṣe rù ú. Mo mọ̀ pé ó ju òfin lọ. Ṣùgbọ́n mo ní íǹṣì kan, ìlọ́po méjì ìdajì íǹṣì péré ni. Mo ní ilé kan tó mu ti ilé méjì kò lè pa àdúgbò. Yanira kò mọ̀. Kò mọ̀ rárá.”

“Ìlọ́po méjì,” ni Adalberto wí. Ó gba garawa òfìfo lọ́wọ́ Obdulia. “Ẹ jẹ́ ká kà á.”

Ní òkè wa, a kì í fi aago ka omi. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé páìpù wá láti ìsun kò ní aago. Àdúrà Olúwa ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí àwọn ìyá wa ṣe fi ń se ẹyin. Títí di òní, bí púlọ́ńbà bá gbé garawa sábẹ́ omi, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ṣí fìlà, wọ́n á sì máa gbà á pọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsáré, láìfà á. Iye ìgbà tí a bá gbà á kí garawa tó kún ni agbára omi náà.

Adalberto fi ayùn gé páìpù tó sanra náà kó tó dé ibi tíì. Omi tú jáde, ó lu ún láyà. Ó kọ́kọ́ fi ẹnu kékeré ti ìdajì íǹṣì bọ̀ ọ́ lórí. “Ti òfin nìyí,” ni ó wí, ó sì gbé garawa sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbà á. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe àmín kejì. Ní àmín kẹta ni garawa kún.

Ó da omi náà sínú àgbá kan tí ẹnì kan ti yí wá, ó yọ ẹnu kékeré náà kúrò. “Ti Bàbá Yanira nìyí.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya orúkọ Rẹ̀ sí mímọ́, wọ́n pe ìjọba Rẹ̀. Wọn kò tíì dé ibi tí a ti ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́ tí omi fi borí garawa, tó ń ṣàn sí wọn lẹ́sẹ̀.

Àdúrà náà dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó parí rẹ̀.

“Ẹnu páìpù lẹ wọ̀n, Bàbá Yanira, ẹ kò wọn ikùn rẹ̀,” ni Adalberto wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. “Àyè páìpù ìdajì íǹṣì mẹ́rin ló wà nínú íǹṣì kan. Nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, omi ń fi gbogbo ara ha ògiri, ó ń rẹ̀ ẹ́. Nínú èyí tó sanra, àárín rẹ̀ ń sáré láìfara kan nǹkan. Ìsàlẹ̀ òkè nibí sì ni, ibi tí omi ti lágbára jù. Ilé kan ti ń mu ti ilé mẹ́fà. Kí ni yóò kù tí yóò gun òkè?”

Òfin ìgbìmọ̀ ni pé ẹni tí páìpù rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ, a ó dí i fún Ọjọ́rú mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló mọ ẹni tó dá òfin náà lábàá nínú oṣù Kìíní, lórí ìjókòó iwájú nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Obdulia ni. Ó ní kí wọ́n dí i, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé àlùfáà.

Nicomedes dá sí i. “Ẹ jẹ́ ká kàn fi ìdajì íǹṣì sí i, ká máa lọ sílé wa. Ọmọ kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọmọ ìsàmì mi ni.”

Cándida ṣí ẹnu. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó pa á dé.

Obdulia wo páìpù náà, tí omi ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìfun màlúù. Ó bèèrè iye tí aago lù. Wọ́n ní mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

“Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé,” ni ó wí. “Ẹ dí i. Ọjọ́rú mẹ́ta.”

Adalberto mú ìdérí jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù pa á lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi mú. Ariwo omi dákẹ́. Nígbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn ògiri.

Obdulia bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa tó kún náà, apá rẹ̀ kò ká a. Nicomedes ló wá bá a gbé e. Obdulia tẹ orí ba níwájú rẹ̀. Nicomedes ká aṣọ òṣùká sí i lórí, ó sì gbé garawa náà rù ú.

“Ẹ rọra o,” ni ó wí. “Òkè pọ̀.”

Kí Obdulia tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ti gbọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu itọ́ pupa bí ìpẹtà, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Kò sọ̀ púpọ̀. Bí ọmọ ìka ló nípọn, nítorí ilé Yanira kọ́ ni ilé kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ránṣẹ́ pe Adalberto sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kó bá àwọn fi ẹnu kékeré sí páìpù, kó má sì pariwo. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n wà nínú àwọn tó gbàdúrà.

Obdulia po iyọ̀ àti ṣúgà. Ó wẹ ìyá ọkọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wọ aṣọ gbígbẹ fún un, ó fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu. Fidelina mu ife kan, ó ní kó tún fún òun.

“Omi yìí tutù,” ni màmá náà wí. “Ibo lẹ ti rí i?”

Evelio wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ló dáhùn. “Yanira ló fi ránṣẹ́, Màmá.”

Obdulia yí ojú sí i.  Lẹ́yìn náà ló gbé ife, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Yanira, tí iṣẹ́ kánjúkánjú rẹ̀ ti parí ṣáájú àsìkò, gun òkè wá. Òwú ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ti rí ihò níwájú ilé rẹ̀, àti páìpù tí wọ́n dí lẹ́nu. Àwọn ará ọ̀nà sì ti sọ èyí tó kù fún un, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àfikún tirẹ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ń gé igi ìdáná tí kò sí ẹni tó ní kó gé e. Ìyá rẹ̀ ń ro ẹ̀wà lórí iná.

“Ọjọ́rú mẹ́ta, Màmá?”

“Mẹ́ta.”

“Èmi, ọmọ yín?”

Obdulia gbé ṣíbí kúrò nínú ìkòkò. Kó tó fèsì, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti jáde láti inú yàrá.

“Ṣé Yanira nìyẹn? Ọmọ mi, omi tí o fi ránṣẹ́ dé o. Ó dé lásìkò. Ó dùn lẹ́nu bíi pé láti ìsun gan-an ló ti wá. Ọlọ́run á bù kún ọ. Ọmọ dáadáa ni ọ́.”

Yanira wo bàbá rẹ̀. Àáké dúró lókè. Ó wo ìyá rẹ̀.  Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí igun àgbàlá, sí aṣọ ibùsùn mẹ́rin tí eṣinṣin bò.

Ó yọ báàgì rẹ̀ kúrò léjìká. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, ó kó àwọn aṣọ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ pila. Àádọ́ta lítà bóyá ni omi tó wà nínú rẹ̀, tí wọn yóò fi se oúnjẹ, tí wọn yóò sì máa mu títí di Ọjọ́rú mìíràn. Ó bu igbá kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n, ó ń fún omi ọṣẹ aṣọ àkọ́kọ́ sórí èkejì, kí ẹ̀kán kan má baà ṣòfò.

Ìwọ tí o ka èyí dé òpin, kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé rẹ gbẹ lọ́jọ́ tí àìsàn bá wà nínú yàrá. Kí Ó fún ọ ní omi tó tó, kí Ó sì fún ọ ní ojú tí yóò máa wo ibi tó ti ń gbà wá. Kí ayọ̀ ilé rẹ má jẹ́ òùngbẹ ilé ẹlòmíràn. Àmín.